Odò Tí Tíntín Kò Tíì Rí

Ọkùnrin kan wà tó ń fi aṣọ fífọ̀ jẹun. Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnìkan bá pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó lè má yíjú. Yàrá méjì ló ní nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan. Ti ẹ̀yìn ni wọ́n ń sùn sí, ti iwájú ló ti ń lọ aṣọ. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lé lórí, áyọ́ọ̀nù mẹ́ta, garawa sítáàṣì kan, àti okùn tó gba òkè yàrá kọjá láti ògiri dé ògiri. Aṣọ ìbùsùn òtẹ́ẹ̀lì ló máa ń pọ̀ jù lórí okùn yìí. Bí oòrùn ọ̀sán bá gba ojú fèrèsé wọlé, tó bọ́ sára àwọn aṣọ funfun náà, tí ooru omi sì ń gòkè lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, inú yàrá náà á wá dà bí inú ìkuukùu. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á kọ́kọ́ dúró kó tó mọ ibi tí ẹni tó ń kí i káàbọ̀ wà.

Inú ìkuukùu yìí ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń bọ́ sí lójoojúmọ́ bó bá ti ilé ìwé dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Tíntín ni wọ́n ń pè é, nítorí nígbà tí wọ́n bí i, apá rẹ̀ kò ju ìka àgbàlagbà lọ. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, ọ̀sán ni iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń bọ́ sí lọ́pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà, bàbá ló ń gba ọmọ sílé, òun ló ń bu oúnjẹ fún un, òun náà ló ń jókòó tì í kó lè ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ bí ohun tó burú. Pẹ́ńsù ló kọ́kọ́ ń gbẹ́ fún un. Nígbà tó yá, ó ń bá a fa ìlà, nítorí ìlà tí Tíntín bá fà máa ń rìn bí ẹni tó mu ọtí yó. Lẹ́yìn ìyẹn ló bá a ya àwòrán ewé, tó bá a kun ún ní àwọ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ọmọ náà bá ti jẹun tán, orí òkìtì aṣọ gbígbóná tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni yóò fi ìdí lé, kó tó kọ ìlà kejì, oorun á ti gbé e lọ. Oorun ọ̀sán ò mọ ẹni tí tíṣà fún níṣẹ́. Alágbàfọ̀ á wo ọmọ, á wo ìwé, àánú á ṣe é. Á gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nù, á sì mú bíírò.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni bí inú rẹ̀ ṣe máa ń dùn tó bó bá ti mú bíírò yẹn. Kíláàsì karùn-ún lòun fúnra rẹ̀ dé. Ìṣirò kan wà lójú pátákó lọ́jọ́ náà, olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ ni, nígbà tí wọ́n wá pè é pé kó máa bọ̀ nílé, bàbá rẹ̀ ti kú. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Ní báyìí tó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, bó bá ti tẹrí ba sórí ìwé Tíntín nínú yàrá funfun yẹn, ó máa ń rí bíi pé ẹnìkan ní kó wọlé wá jókòó, pé àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Á máa gbọ́ òórùn ṣọ́ọ̀kì. Á máa gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lábẹ́ tábìlì. Nígbà mìíràn, bí oníbàárà bá wọlé tó sì kí i, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, bí ẹni tí wọ́n pè láti òdìkejì pápá.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ọmọ gbé ìwé yẹn yẹ̀ wò lórí tábìlì oúnjẹ. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Bàbá Tíntín, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà ní kíláàsì kẹrin nínú ilé yìí?"

"Ta ló tún lè wà níbẹ̀ bí kò ṣe ọmọ rẹ?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà ni. Àmọ́ ọwọ́ yín ni mò ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin."

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Orí ọmọ ni wọ́n ní kí àgbà tún ṣe," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Wọn ò ní kó yọ orí tirẹ̀ kó gbé e lé ọmọ lọ́rùn."

Ó so bàtà rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ọ̀rọ̀ náà dun alágbàfọ̀ dé ìwọ̀n ìgbà tí omi gbóná kan fi hó. Àtọjọ́ náà ló ti wá ń kọ iṣẹ́ ọmọ sórí bébà ọ̀tọ̀, kí Tíntín máa dà á kọ sínú ìwé fúnra rẹ̀. Ó ní báyìí, ọwọ́ ọmọ ni yóò wà nínú ìwé, kò sẹ́ni tó lè rí wí.

Máàkì sì ń wọlé. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí mẹ́wàá bá dé, alágbàfọ̀ á máa súfèé láàárín aṣọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà kan wà tí tíṣà fún wọn ní mẹ́fà. Inú bí i débi pé díẹ̀ ló kù kó jó kọ́là ẹ̀wù oníbàárà. "Kí ni obìnrin yẹn mọ̀? Kí ló wà nínú ohun tí mo kọ tí kò dáa?" Tíntín ló ń tù ú nínú. Ó fi ọwọ́ kékeré bà á lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ máa ṣe dáadáa nígbà tó ń bọ̀."

Kò sí èyí tó rí nǹkan kan nínú gbólóhùn yẹn nínú àwọn méjèèjì.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n gba ìsinmi. Tíṣà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wo ènìyàn lókè awò ojú rẹ̀, ní kí gbogbo kíláàsì kọ àròkọ wá. Àkọlé rẹ̀ ni *Ibi kan tí mo mọ̀ dáadáa*. Tíntín ka àkọlé náà sókè, ó yán lẹ́ẹ̀mejì, ó sùn.

Alágbàfọ̀ jókòó. Ọ̀sán gangan ni, atẹ́gùn díẹ̀ ń wọlé, àwọn aṣọ ìbùsùn ń mí sókè, wọ́n ń mí sódò lórí okùn. Ó tẹjú mọ́ wọn. Bó ṣe ń wò wọ́n, ni funfun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó rí odò tí ìyá rẹ̀ ti máa ń fọṣọ nígbà tóun wà ní kékeré. Ó rí àwọn òkúta tó tẹ́jú bí ẹ̀yìn ìjàpá, ó gbọ́ ìró aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń là mọ́ wọn, ó rí fọ́ọ̀mù ọṣẹ, ìfófó funfun tó ń lọ nísàlẹ̀ odò bí agbo àgùntàn kéékèèké. Ó rántí ọjọ́ tí aṣọ funfun kan bọ́ lọ́wọ́ òun, tí omi gbé e, tóun sì sáré tẹ̀ lé e létí odò títí ẹsẹ̀ òun fi kọ̀. Ó rò pé ìyá òun á nà òun. Ìyá rẹ̀ kàn nà tàntàn, ó fi ọwọ́ nu iwájú orí, ó rẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀," ló wí. "Odò náà fẹ́ láṣọ lára."

Gbogbo rẹ̀ ló kọ. Ibi tó ti yẹ kó kọ ìyá mi, ó kọ ìyá àgbà mi, kó lè bá ẹnu ọmọ mu. Nígbà tó máa gbórí sókè, áyọ́ọ̀nù ti tutù, ojú rẹ̀ sì tutù pẹ̀lú.

Tíntín dà á kọ lọ́jọ́ kejì, ó ń fi ahọ́n há ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí ó ti máa ń ṣe. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Bàbá, kí ló ń jẹ́ fọ́ọ̀mù?" Bàbá rẹ̀ ní kó ṣáà máa kọ ọ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí lẹ́tà fi dé láti ilé ìwé. Àròkọ Tíntín ló dáa jù. Wọ́n ní òun ni yóò kà á níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ ìparí sáà, alábẹ̀wò àgbà kan yóò sì wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́.

Ojú alágbàfọ̀ kò wálẹ̀. Ó lọ aṣọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ títí ìlà apá rẹ̀ fi mú bí abẹ. Ìyàwó rẹ̀ gbààyè níbi iṣẹ́, ó wá pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, àwọn méjèèjì sì jókòó sí ìlà kẹta nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti to àga onírin kíún-kíún. Ó kàn wo ọkọ rẹ̀, ó tún wo iwájú.

Tíntín gun orí pèpéle. Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ gbọ̀ngàn náà dákẹ́, ó sì kà á já geere. Nígbà tó dé ibi tí odò ti fẹ́ láṣọ lára, obìnrin kan lẹ́yìn mí kanlẹ̀. Alágbàfọ̀ pa ojú dé. Ó dà bíi pé ìyá rẹ̀ rọra gba àárín àga kọjá, tó ń lọ jókòó níwájú. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Alábẹ̀wò náà dìde. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ọlọ́yàyà, ẹni tó fẹ́ràn ọmọdé. Ó tẹ̀ síwájú Tíntín.

"O káre, ọmọ mi. O káre gan-an ni. Ṣé ìyá àgbà rẹ bá yín wá lónìí, ká lè kí wọn?"

"Rárá, sà," ni Tíntín wí. "Wọ́n ti kú."

"Ẹ̀yà. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

Tíntín rò ó. Ọmọ tí kì í purọ́ ni. "Kí wọ́n tó bí mi, sà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alábẹ̀wò náà fi ọwọ́ họ ẹ̀gbẹ́ orí. "Àbí? Ó dáa, odò náà ńkọ́? Ibo ló wà?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mi ò tíì rí odò rí."

Ẹ̀rín bú jáde láti igun dé igun. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà o, irú ẹ̀rín tí àgbà máa ń rín nígbà tí ọmọdé bá tú àṣírí ilé ni. Ṣùgbọ́n Tíntín kò mọ ìyàtọ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ojú rẹ̀ ń wá ẹnìkan láàárín èrò. Alágbàfọ̀ ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì, ilẹ̀ kò lanu. Ó mọ̀ pé bóun bá jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á tán, wọn á pe ọmọ mìíràn, ẹnikẹ́ni kò ní bi òun ní nǹkan kan. Ó dìde.

"Ẹ má fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín," ló wí. Ohùn rẹ̀ jáde bí ohùn ọmọ kíláàsì karùn-ún. "Èmi ni mo kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ. Èmi ni mo mọ odò náà. Ìyá mi ni."

Alábẹ̀wò wò ó títí, ó yọ awò ojú, ó fi ẹ̀wù nù ún. "Ẹ jókòó, bàbá," ló wí pẹ̀lẹ́. "Ẹ kọ ọ́ dáadáa." Ọ̀gá ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú sọ pé kí àwọn akọrin bọ́ síwájú.

Wọ́n ń rìn lọ sílé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nọ́ọ̀sì kò sọ pé *mo sọ bẹ́ẹ̀*. Ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì fẹ́ fi iyọ̀ sójú egbò. Òpópónà gùn, igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń da òdòdó kéékèèké sílẹ̀ sórí èjìká wọn. Wọ́n ti kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́ kí Tíntín tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé aṣọ náà lọ?"

"Aṣọ wo?"

"Aṣọ inú odò. Mo rò pé ẹ kàn sọ ọ́ fún tíṣà ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára jù lọ lọ́jọ́ náà, ó ju ẹ̀rín gbọ̀ngàn lọ. Ó wá rí i pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yìí, òun kò sọ ọ̀rọ̀ odò náà fún un rí. Àjèjì lòun kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ẹnu ọmọ òun lòun sì yá sọ ọ́.

"Òótọ́ ni," ló wí.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá tíṣà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì bí ẹni tó pẹ́ dé. Tíṣà ní kó wọlé, kò sí àga mìíràn àyàfi ti ọmọdé, ó sì jókòó sórí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ kan àyà.

"Ẹ máà bínú sí mi, Tíṣà."

"Inú ò bí mi, bàbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura. Nínú gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́dún yìí, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé jù." Ó wò ó lókè awò ojú. "Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ yín kò sí nínú rẹ́jísítà."

Alágbàfọ̀ kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n má bá a ṣe nǹkan kan mọ́ ni?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ má ràn án lọ́wọ́? Ẹ ràn án. Ìrànlọ́wọ́ là ń pè é, bàbá. Ọwọ́ ọmọ ni kẹ́ ẹ ràn. A ò pè é ní ìgbaṣẹ́ṣe." Ó kó àwọn ìwé jọ. "Kó tún òmíràn kọ wá. Ibi kan tóun fúnra rẹ̀ mọ̀."

Nígbà tí bàbá rẹ̀ bi Tíntín pé ibo ló mọ̀ dáadáa, ọmọ náà ní odò lòun fẹ́. Bàbá ní kò mọ odò. Ọmọ náà ní kí wọ́n lọ mọ̀ ọ́n.

Báyìí ni wọ́n ṣe wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Bọ́ọ̀sì náà ń fì, oorun ń mú àwọn èrò, ìrì ṣì wà lójú gíláàsì. Obìnrin kan jókòó níwájú wọn tó gbé aago ògiri ńlá lé itan, aago náà ń dún *kìn, kìn* ní gbogbo ọ̀nà. Alágbàfọ̀ ń wo àwọn pápá tó ń kọjá, kò dá a lójú mọ́ bóyá òun ń lọ ni tàbí òun ń bọ̀.

Odò náà kéré. Ó rántí rẹ̀ bí ohun tí ojú kò lè rí òdìkejì rẹ̀ tán, àmọ́ ọmọ tó bá lágbára lè ju òkúta kọjá rẹ̀. Àwọn òkúta pẹlẹbẹ ṣì wà níbẹ̀, ewédò ti bo wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń fọṣọ. Ó jókòó lórí ọ̀kan, ó sì tẹjú mọ́ omi. Ó ti múra gbogbo ìtàn sílẹ̀ lọ́kàn: ibi tí ìyá òun ń dúró sí, ibi tí aṣọ ti bọ́, ibi tóun sáré dé. Ó ń dúró kí Tíntín béèrè.

Tíntín kò béèrè. Ó ti bọ́ bàtà, ó ti kẹsẹ̀ bọ omi, ó ń ké, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá! Ẹja ń bu ẹsẹ̀ mi jẹ! Bàbá, wọn ò léyín!" Ó ka àwọn ẹja náà dé mẹ́tàdínlógún, wọ́n sá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó bá alángbá kan ṣeré. Ó wá jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lórí orúnkún, ahọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu.

Alágbàfọ̀ dìde, ó rọra ń sún mọ́ ọn. Tíntín gbé apá bo ojú ìwé.

"Ẹ má wò ó o. Kò tíì tán."

"Mo kàn fẹ́..."

"Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ wà, Bàbá."

Ó padà síbi tó wà. Omi ń lọ. Oòrùn ń rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí áyọ́ọ̀nù, kò sí bíírò. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí ó fi gbàgbé pé òun ń dúró de ẹnikẹ́ni.

Méje nínú mẹ́wàá ni tíṣà fún àròkọ Tíntín. Nọ́ọ̀sì ló kà á sókè fún wọn lówùúrọ̀ kan, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ìdajì àròkọ náà dá lórí obìnrin tó gbé aago. Ìyókù lọ báyìí: *Odò tutù. Ẹja ibẹ̀ ò léyín. Bàbá mi wo omi títí, mo rò pé wọ́n sùn, àmọ́ ojú wọn là. Mi ò pè wọ́n.* Nọ́ọ̀sì kà á dé ibẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní nǹkan kó sí òun lójú.

Láti ìgbà náà, ìkángun tábìlì ìlọṣọ kan jẹ́ ti Tíntín. Bàbá rẹ̀ á wà ní ìkángun kejì pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù. Ohun tí ọmọ bá béèrè ló ń dáhùn, kì í fi kún un. Kò rọrùn fún un. Lọ́sàn-án àná yìí, Tíntín ń ṣe ìsọdipúpọ̀, ó kọ ọ́ pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Alágbàfọ̀ rí i láti ibi tó dúró sí. Ẹnu ń yún un. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó jáde lọ kó aṣọ lórí okùn ìta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì gbẹ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé padà, Tíntín ti fi rọ́bà pa ìdáhùn náà rẹ́, ó ti kọ òmíràn, ó sì ń fẹ́ ìdọ̀tí rọ́bà kúrò lójú ìwé pẹ̀lú ìdùnnú.

Ọgọ́ta ló kọ.